Oorun Tí N Kò Sùn ní Àpòmù

"Ojú rẹ ti ń wúwo," ni ọkùnrin náà wí. "Ìpéǹpéjú rẹ ti wúwo bí òkúta. O ti ń sùn lọ, Fáìzàh. O ti ń sùn lọ."

Irọ́ gbuu! Ojú mi kò wúwo rárá. Imú mi ló ń yún mi, ẹ̀fọn kan sì ti bà lé mi lọ́rùn ẹsẹ̀, ó ń mu ẹ̀jẹ̀ mi bí ẹni tó rí ọbẹ̀ ọ̀fẹ́. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ń gbọ́ àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pe èrò Ìkirè lójú títì. Mo sì ń gbọ́ bí ọkùnrin tó pe ara rẹ̀ ní Dókítà Afọláyan ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lókè orí mi. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ló so mọ́ okùn, tó ń fì í síwá sẹ́yìn níwájú mi kó tó ní kí n di ojú. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò! Bẹ́ẹ̀ ọ̀kadà ló gbé e dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú mi báyìí ni mo fi rí i.

Ẹ má bínú pé n kò fi "wọ́n" pè é bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pe àgbà. Ẹnu mi ló kọ̀ ọ́.

Àbúrò bàbá mi, Bọ̀dá Muideen, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gbàà. "Alihamudulilaahi! Ó ti sùn! Ẹ ò rí bó ṣe ń mí? Mo sọ fún ìyá rẹ̀, mo ní ayé ti kọjá ibi tí wọ́n rò ó sí."

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé, ẹ mọ ibi tí mo há sí yẹn. Àgbà ti fi ẹnu ara wọn sọ pé mo ti sùn. Ṣé kí n wá la ojú kí n ní, "Bọ̀dá, irọ́ lẹ pa"? Níwájú àlejò? Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, Bọ̀dá Muideen ló dúró bíi bàbá fún mi. Mo di ojú mi pinpin, mo sì jẹ́ kí ẹ̀fọn náà máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wa débẹ̀.

Mo wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkirè. N kì í ṣe olódo. Tí ẹ bá bi mí ní ìbéèrè nílé, màá dáhùn. Àmọ́ tí mo bá ti wọ yàrá ìdánwò, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, àtẹ́lẹwọ́ mi á tutù, èémí á há mi lọ́fun, lẹ́tà orí ìwé á máa rìn kiri bí ìjàlọ. Nígbà tí a ṣe ìdánwò ìgbaradì fún wáẹ̀kì, mo kọ orúkọ mi sórí ìwé ìṣirò, mo wo ìbéèrè àkọ́kọ́, mo sì sá jáde. Àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ mí ní "Sáré-jáde". Ẹ̀rín wọn kò dùn mí tó ẹkún ìyá mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì gbé ọwọ́ lé mi lórí kó máa lé ẹ̀mí èṣù. Míìsì Kòfowórọlá ni, olùkọ́ ìṣirò wa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, wọn á jókòó tì mí nínú kíláàsì òfìfo. Wọn á ní kí n mí sínú, kí n ka mẹ́rin. Kí n mí síta, kí n ka mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó máa gbé ìbéèrè kan ṣoṣo fún mi. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìbéèrè kan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìbéèrè márùn-ún. Wọ́n sì sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n mú mi lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé àìbalẹ̀ ọkàn náà ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ohun tí Bọ̀dá Muideen sì kórìíra jù láyé ni díẹ̀díẹ̀.

Bọ̀dá ń ta ike ẹ̀yìn fóònù àti wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sí i ní òpópónà Ìkirè. Ẹni tó bá ti wo fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta nípa àìsàn kan, tó wá ń bá dókítà jiyàn, Bọ̀dá mi nìyẹn. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé fóònù wọn wá sí ìdí agbada tí ìyá mi ti ń dín dòdò.

"Ìyá Fáìzàh, a ti rí i! Hipinoterapi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi oorun àtọwọ́dá gbé ọmọ sùn, wọ́n á bá ọkàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á fa ẹ̀rù náà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ìjókòó kan péré! Ọkùnrin kan ń ṣe é ní Àpòmù níbí."

Ìyá mi yí dòdò inú epo. "Ọkọ mi, ṣé ẹni náà kọ́ iṣẹ́ yìí? Míìsì Kòfowórọlá ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó kọ́ ọ la ti ń gbà á. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn."

Ojú Bọ̀dá yí padà. "Tíṣà! Tíṣà tí ìjọba ò gbà síṣẹ́, tó jẹ́ ẹgbẹ́ òbí ló ń dáwó oṣù fún un, òun ló fẹ́ kọ́ mi bí màá ṣe tọ́jú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi? Ìwé ẹ̀rí mẹ́fà ló wà lára ògiri ọkùnrin yẹn!"

Mo ka ìwé ẹ̀rí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nígbà tí a débẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà olóṣù mẹ́ta. Ọ̀kan jẹ́ ti ìdíje bọ́ọ̀lù àdúgbò. Méjì jọ ara wọn délẹ̀délẹ̀. Àwọn tó kù ga jù, n kò rí lẹ́tà wọn, ó sì dá mi lójú pé torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi wọ́n sókè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la lọ, èmi, ìyá mi àti Bọ̀dá. Ìyá mi di dòdò mẹ́fà sínú ewé, wọ́n fi okùn so ó, wọ́n ní tí a bá parí, àwọn á gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n àwọn tí ara rẹ̀ kò yá ní Àpòmù. Bí a ti wọlé báyìí ni Dókítà oníkọ́kọ́rọ́ ní kí ìyá mi jáde.

"Ìfẹ́ ìyá ń dí ọ̀nà oorun," ló wí, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni ńlá.

Ìyá mi jáde. Wọ́n gbàgbé dòdò sórí tábìlì.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí mo di ojú mi pinpin, tí àgbà méjì ń yọ̀ pé mo ti sùn. Mo gbọ́ tí ewé dún.

"Kí lèyí tó ń ta sánsán báyìí?" Dókítà ló bèèrè.

"Dòdò ìyàwó wa ni," ni Bọ̀dá wí.

"Dòdò Ìkirè! Ẹ jẹ́ ká tọ́ ọ wò."

Wọ́n tọ́ ọ wò. Lórí mi! Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń pọ́n ẹnu lá. Dókítà jẹ ọ̀kan, ó ní ata rẹ̀ ga, ó sì mú òmíràn láti fi mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ata rẹ̀ ga.

"Ẹ rọra o," Bọ̀dá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "kó má lọ gbọ́."

"Ta ni? Eléyìí? Bí ìbọn bá dún kò lè gbọ́."

"A ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ewúrẹ́ ló wọlé."

Ìyà ń jẹ mí, ẹ̀rín sì ń pa mí, ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ká ní ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí ni, n kò ní máa kọ ìtàn yìí. Àmọ́ Dókítà nu ọwọ́, ó tún ohùn ṣe.

"Fáìzàh, ọkàn rẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ta ló gbin ẹ̀rù yìí sí ọ nínú?"

Ta ní ń gbin ẹ̀rù? Ṣé iṣu ni?

"Dárúkọ rẹ̀! Ọkàn kì í dákẹ́ níwájú mi. Ṣé ará ilé ni?"

Àyà mi já. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ìyá àgbà wà lọ́dọ̀ wa nílé, arúgbó tí kò lè pa eṣinṣin. Tí ọmọ bá fi ojú oorun dárúkọ ìyá àgbà, kò sẹ́ni tó máa bèèrè ẹ̀rí mọ́, àjẹ́ la dárúkọ yẹn, ilé ti tú. Mo mi orí kíákíá.

"Kì í ṣe ará ilé. Ará ilé ìwé ni, àbí? Dárúkọ rẹ̀. A ò ní kúrò níbí láìgbọ́ orúkọ."

Àyà mi ti ń lù bí ẹni pé inú yàrá ìdánwò ni mo wà. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ni kí ó parí, kí n jáde, kí n rí atẹ́gùn. Orúkọ kan péré ló kù kí n fi ra ìtura. Mo la ẹnu.

"Míìsì Kòfowórọlá."

Mo sọ fún ara mi pé kò ní kàn wọ́n, pé ọ̀rọ̀ inú ṣọ́ọ̀bù kò ní rìn dé Ìkirè. Òmùgọ̀ ni mí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Dókítà tàka lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n "jí". Mo tiẹ̀ yán! Mo nu ojú bí ẹni tó ti orí bẹ́ẹ̀dì dìde. Ojú yíyán yẹn ń tì mí títí dòní. Nígbà tí ìyá mi wọlé, tí wọ́n gbé dòdò, wọ́n rí i pé ó fúyẹ́. Wọ́n tú u, mẹ́ta ló kù.

"Ewúrẹ́ kan ló yọjú wọlé, Ìyá Fáìzàh," ni Bọ̀dá wí. "A lé e, a lé e."

Ìyá mi wo ewé náà, wọ́n wo okùn tó so ó. "Ewúrẹ́ tó tú ewé, tó jẹ dòdò, tó sì tún fi okùn so ó padà?"

Bọ̀dá ti jáde lọ pe ọlọ́kadà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Bọ̀dá Muideen ti dé ilé ẹ̀kọ́ wa kí aago ìpéjọ tó lù. Láti kíláàsì ni mo ti ń gbọ́ ohùn wọn nínú yàrá àwọn olùkọ́. "Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ẹni tó sùn jáde kì í parọ́! Ẹ̀yin lẹ ba ọmọ wa lọ́kàn jẹ́! Ẹ̀yin náà lẹ tún ń dá a dúró lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ta ló mọ ohun tí ẹ ń sọ fún un níbẹ̀?" Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyì, jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù òbí máa ń bà ju bí ẹ̀rù ìdánwò ṣe ń bà mí lọ. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ní kí Míìsì Kòfowórọlá lọ jókòó sílé títí ìpàdé òbí Ọjọ́bọ̀, níbi tí àwọn òbí á ti pinnu bóyá Míìsì á padà síṣẹ́ àbí wọn ò ní padà.

Mo rí wọn tí wọ́n ń kó ìwé wọn sínú àpò. Wọ́n wo apá ọ̀dọ̀ mi. Mo tẹjú mọ́lẹ̀ bí olè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo jókòó nínú kíláàsì òfìfo nìkan. N kò lè yanjú ìbéèrè kan. Ní Ọjọ́rú, mo ń bá ìyá mi to ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dúdú. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ṣì le díẹ̀, wọn á dá a padà sínú agbọ̀n. Láìgbé ojú sókè, wọ́n ní, "Tíṣà yín wá síbí lánàá, wọ́n wá ra dòdò."

"Kí ni wọ́n wí, Màámi?"

"Wọn ò bú ẹ. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń ka mẹ́rin àti mẹ́fà rẹ."

Mo fẹ́ sọ òótọ́ lójú ẹsẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó le padà sínú agbọ̀n, mo sì lọ sunkún lẹ́yìn ilé, torí mo ti rí irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ fún òbí àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Dókítà Afọláyan náà wá o! Ó wọ kóòtù tí apá rẹ̀ bo ìka ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bọ̀dá sọ̀rọ̀, wọ́n fi ọwọ́ gbá àyà. Dókítà dìde, ó ní òun ti wo ọkàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sàn, pé ọkàn kì í purọ́ fún òun. Àwọn òbí ń mi orí pé òótọ́ ni. Míìsì Kòfowórọlá dúró níwájú, ọwọ́ wọn dì mọ́ àpò wọn.

"Mi ò dẹ́rù ba ọmọ yẹn rí," ni wọ́n wí. "Òun gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Gbólóhùn yẹn gún mi dé egungun. Ọ̀gá ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn pé kí olùkọ́ náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ na ọwọ́. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Èmi náà na ọwọ́ láti sọ̀rọ̀, mo sì dìde.

Gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àyà, kìkìkì. Àtẹ́lẹwọ́, yìnyín. Ojú ènìyàn di ìjàlọ. Ẹsẹ̀ mi ń wá ọ̀nà ilẹ̀kùn, ẹnì kan sì ti ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Sáré-jáde ti fẹ́ lọ." Mo mí sínú, mo ka mẹ́rin. Mo mí síta, mo ka mẹ́fà. Àyà mi kò dákẹ́, àmọ́ ẹnu mi là.

"N kò sùn."

"Kí lo wí?" Ọ̀gá bèèrè.

"Lọ́jọ́ tí a lọ sí Àpòmù. N kò sùn rárá. Bọ̀dá ní mo ti sùn, n kò fẹ́ já wọn nírọ́, mo wá ń díbọ́n. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ dárúkọ ènìyàn, mo dárúkọ Míìsì. Irọ́ ni mo pa. Àwọn gan-an ló ń ràn mí lọ́wọ́."

"Jókòó!" Bọ̀dá fò dìde. "O sùn! Èmi fi ojú mi rí i pé o sùn!"

Dókítà rẹ́rìn-ín sínú kóòtù rẹ̀. "Ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tó sùn kì í mọ̀ pé òun sùn. Ẹ̀rù tíṣà rẹ̀ ló ń bà á."

Inú bí mi. Ẹ ò mọ bí inú ṣe bí mi tó! "Bọ̀dá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ dòdò kan. Dókítà jẹ méjì. Ó ní ata rẹ̀ ga. Ẹ ní kó rọra kí n má lọ gbọ́, ó ní bí ìbọn bá dún n kò lè gbọ́. Ẹ wá ní ẹ ó sọ fún Màámi pé ewúrẹ́ ló wọlé."

Ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn pátápátá, ìyá mi rọra dìde, wọ́n tún gèlè wọn so.

"Ọkọ mi," ni wọ́n wí, ohùn wọn kò ga, "mo ti ń bèèrè láti Sátidé. Ewúrẹ́ dà?"

Ẹ̀rín bú sẹ́kẹ́! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ti wa yìí kò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan. Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní aláìsàn kan ń dúró de òun. Ọ̀kadà ló tún gbé e lọ. Títí dòní, Dókítà Ewúrẹ́ ni àwọn ọmọ Ìkirè ń pè é, orúkọ náà sì yẹ ẹ́.

Míìsì Kòfowórọlá padà síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ ẹ má rò pé mo mú un jẹ. Mo dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ níbi ìpéjọ, mo tọrọ àforíjì. Bọ̀dá kò yà nílé wa fún oṣù méjì. Míìsì náà sọ fún mi pé, "Mo ti dárí jì ọ́, Fáìzàh. Àmọ́ ó dùn mí." Wọn kì í jókòó tì mí ní àwa méjì nìkan mọ́. Ilẹ̀kùn á ṣí gbayawu, olùkọ́ mìíràn á sì wà nítòsí. Irọ́ mi ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn, n kò sì lè tì í mọ́.

Ìyá mi mú mi lọ sí ilé ìwòsàn níkẹyìn. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ rẹ́rìn-ín títí nígbà tí wọ́n gbọ́ ti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Wọ́n ní ìtọ́jú náà wà lóòótọ́, pé ẹni tí wọ́n bá ń fi ṣe é kì í sùn fọnfọn, àti pé kò sí oníṣègùn gidi tó ń fi tipátipá fa orúkọ yọ lẹ́nu ọmọ. Bí ó bá máa wúlò fún mi lọ́jọ́ iwájú, àwọn á kọ̀wé rán mi sí ẹni tó kọ́ ọ. Ní báyìí, kí n máa bá mímí mi lọ, kí n sì máa wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá mi ṣe ń pọ́n.

Mo ti ṣe wáẹ̀kì. Àyà mi já nínú ìṣirò, ó já dáadáa, àmọ́ n kò sá jáde. Mo kọ ọ́ títí wọ́n fi ní ká dá bírò dúró.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi, ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kò sí ìtìjú nínú pé ẹ̀rù ń bani. Ìtìjú wà nínú kí á gbé ọkàn wa fún ẹnikẹ́ni tó bá ti lẹ ìwé mọ́ ògiri, ìtìjú sì wà nínú kí á fi orúkọ ẹlòmíràn ra ìdẹ̀ra fún ara wa. Bọ̀wọ̀ fún àgbà, kúnlẹ̀ kí wọn, bá wọn ru ẹrù. Àmọ́ bí wọ́n bá ní o ti sùn, tí o sì mọ̀ pé o kò sùn, jọ̀wọ́, la ojú rẹ.